Àgúnmu Zaghloul àti Iṣan Apá Inshirah

"Ẹ̀yin ìyá mi, ṣíbí àgúnmu yìí kan péré ni mo bù sínú odò Náílì lánàá o! Odò fẹ̀, ó fẹ̀, àwọn ará òdìkejì wá ń ké sí mi pé kí n bá wọn ti ilé wọn sẹ́yìn!"

Zaghloul ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀, alágúnmu tó ń kiri ìlú Mansoura, irunmú rẹ̀ bí ìrù ẹṣin. Ó ti já wọ yàrá tí àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ ti ń dúró de ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Inshirah, ọ̀kan nínú wọn, kò rẹ́rìn-ín. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń le bíi páìpù tó dógùn-ún. Apá ọ̀tún ti kọ abẹ́rẹ́. Iṣan kan ṣoṣo tí wọ́n so pọ̀ fún ẹ̀rọ ní apá òsì ló kù. Bí ìyẹn bá lọ, ibo ni wọn ó gbà fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ohun tó lè fẹ odò, bóyá á fẹ iṣan: ó nawọ́, ó gba ṣíbí.

"Ìyá Hamdi, ṣé o ti bi nọ́ọ̀sì?" Àlájà Sabah tó jókòó ti Inshirah ló bi í.

"Nọ́ọ̀sì tó ń wọn omi fún mi bí ẹni ń wọn wúrà? Á ní kí n má mu ún ni."

"Ẹ má dá Àlájà lóhùn," ni Zaghloul wí. "Ìyàwó tèmi náà wà lórí ẹ̀rọ yìí. Ó lá a lẹ́ẹ̀kan, ló bá gbé màlúù fo odi!"

Ṣíbí ti kan ètè Inshirah. "Iṣan apá ẹ̀ ńkọ́?"

"Èyí tó máa ń gbọ̀n yẹn? Ìyẹn ti sàn! Gbé etí lé e, o ò ní gbọ́ nǹkan kan."

Inshirah gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ó dákẹ́?"

"Bí ọmọ tó yó wàrà!"

"Alágúnmu, iṣan tí wọ́n so pọ̀ yìí, kíkùn ló ń kùn tọ̀sán-tòru bí ilé oyin. Àràárọ̀ la máa ń gbé etí lé e. Èyí tó bá dákẹ́ ti kú nìyẹn! Ìyàwó wo lo ní?"

Àlájà Sabah bú sẹ́rìn-ín, ó kù díẹ̀ kí òrùlé ṣí. "Ó ti pa ìyàwó tí kò tíì fẹ́!"

Inshirah ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Iṣan náà ń kùn, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún lábẹ́ awọ, bí ẹni pé oyin gbogbo Íjíbítì ló kó síbẹ̀. "Wá gbọ́ ọ, ìwọ ọkọ òkú! Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa dì í mú o!"

Zaghloul ò dúró gbọ́. Ó fi bàtà kan sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, eruku ẹ̀yìn rẹ̀ sì dé ìlú Damietta kí òun tó dé ẹnu géètì.