Ibi Tí Wúrà Yóò Ti Wọ Kíláàsì Karùn-ún

Nígbà tí ọ́fíìsì gbé Bọ́ládélé kúrò ní Èkó wá sí Òṣogbo, òun àti Morìnsọ́lá ìyàwó rẹ̀ fẹnu kò pé ìlú kékeré ni àwọn yóò máa gbé, kí ọkọ máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wúrà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kíláàsì kẹrin ni. Morìnsọ́lá sì ti là á mọ́lẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde wá ilé: kíláàsì karùn-ún ni ọmọ òun ń lọ. Ibi tí wọn ò bá ti jẹ́ kó wọ karùn-ún, òun ò ní í gbé ibẹ̀, ilé ibẹ̀ ì báà máa dán bíi dígí.

Bọ́ládélé ní ìyẹn ò le. Ọmọ Ìkìrun ni òun, ọmọ Òkukù ni ìyàwó òun. Ta ni yóò le mọ́ wọn?

Ìkìrun ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ilé tí wọ́n rí níbẹ̀ dára, ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò náà sì mọ iṣẹ́ wọn. Géétì wà, ọlọ́dẹ wà, kò sẹ́ni tó ń da ilẹ̀ sínú gọ́tà. Ilé ìwé wà lódìkejì títì. Inú Morìnsọ́lá ti ń dùn kó tó mọ ẹni tó ni ilé ìwé. Tẹjú ni, àbúrò Bọ́ládélé.

Tẹjú kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àmọ́ ó ti wà nílé kí Morìnsọ́lá tó wọlé ọkọ, ó sì ti di ọkọ rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yúnífọ́ọ̀mù ló ṣì ń wọ̀ nígbà náà, tó sì jẹ́ pé Morìnsọ́lá ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Títí di òní, Morìnsọ́lá kì í dárúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ló ń pè é.

Eyínfúnjowó wo Wúrà látòkè délẹ̀, ó ní wọn kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan l'Ékòó, òyìnbó ẹnu lásán ni wọ́n fi ń tan òbí. Kí Wúrà padà sí kíláàsì kẹrin. Morìnsọ́lá kúnlẹ̀, ó ní ọkọ òun ṣeun. Ohun tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ fún ará ilé ọkọ nìyẹn.

Wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ tí alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù fi dé. Mọ̀lẹ́bí Bọ́ládélé ni òun náà. Ó ti gbọ́ pé ìyàwó wọn ń kó bọ̀ ní àdúgbò, inú rẹ̀ sì dùn dẹ́yìn, torí ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò máa dáná ọjọ́ ìpàdé.

Nínú bọ́ọ̀sì, Morìnsọ́lá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Wúrà, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Ìwọ náà ò sọ nǹkan kan."

"Èmi? Ẹnu ìyàwó wo ni kí n fi sọ ọ́?"

Òkukù ló kàn. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni ara Morìnsọ́lá balẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó jókòó bí ọmọ onílé. Ó wá kan Bọ́ládélé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, Bọ̀dá Jíbọ́lá, ni ọ̀gá ilé ìwé tó dára jù ní àdúgbò náà, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù. Ní ilé ìwé girama, Jíbọ́lá yìí ló máa ń pọn omi ìwẹ̀ fún Bọ́ládélé, nígbà tí Bọ́ládélé wà ní kíláàsì àṣejáde. Ṣùgbọ́n àna ni àna. Bọ́ládélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Bọ̀dá Jíbọ́lá sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kó tó ní kó dìde. Ó jọ pé ó ń rántí omi.

Ó ní ọjọ́ tó dára ni wọ́n wá. Ẹgbẹ́ fẹ́ dí àwọn kòtò ojú ọ̀nà, ọ̀wẹ̀ tí àna ń ṣe fún àna ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀, kí Bọ́ládélé ṣáà ti wá ṣọ́bìrì. Ní ti Wúrà, kíláàsì kẹfà ni yóò wọ̀.

Wúrà rọra ní òun ò tíì ṣe iṣẹ́ kíláàsì karùn-ún. Bọ̀dá Jíbọ́lá ní inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn ni iṣẹ́ kíláàsì karùn-ún wà.

Bọ́ládélé tún dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Morìnsọ́lá náà ní àwọn dúpẹ́. Bọ̀dá Jíbọ́lá ló tọ́ ọ nígbà tí bàbá wọn kú, kò tíì jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ rí láyé.

Nígbà tí wọ́n padà dé etí títì, Morìnsọ́lá ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ní ènìyàn ni wọ́n ń wá. Ibi tí wọn ò ti ní ẹnì kankan ló yẹ kí wọ́n wá, níbi tí ènìyàn ti lè sọ pé rárá, kí ilẹ̀ má sì mì.

"Ibi tí a ti lè bá wọn jà," ni Bọ́ládélé wí, ojú rẹ̀ sì là fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìnísà ni. Àárín Ìkìrun àti Òkukù ló wà, wọ́n sì ti gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Wọ́n pinnu pé bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n ní agboolé wọn, àwọn ò ní í sọ, torí ibẹ̀ ni ìbátan ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n rí ilé kan, àmọ́ ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i; wọ́n bá wọn nínú ìpàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé. Alága wọn, Màmá Adédùntán, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n dá ilé ìwé náà sílẹ̀. Màmá ní kí Wúrà kàwé, ó kà á. Wọ́n fún un ní ìṣirò, ó ṣe é. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣáà ní, "Kíláàsì karùn-ún." Díẹ̀ ló kù kí Morìnsọ́lá bú sí ijó.

Ẹgbẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin àdúgbò. Bọ́ládélé tako òfin jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó rí i pé nǹkan kan ò ṣe òun, ó tako òfin ewúrẹ́ náà, òun tí kò ní ewúrẹ́. Wọ́n jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ dáadáa. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Màmá wá ní ọmọ ibo ni wọ́n. Bọ́ládélé ní Ìkìrun. Agboolé wo? Ó ní lápá ọjà. Wọ́n ní apá ọjà wo? Ó ní apá ibi tí òòrùn ti ń yọ. Wọ́n yíjú sí Morìnsọ́lá, òun náà ní Òkukù ni wọ́n bí òun sí, àmọ́ òun ò fi bẹ́ẹ̀ rántí ibẹ̀.

Akọ̀wé wọn, Olúwadàmọ́lá, dé bírò rẹ̀. Ó ní gbájúẹ̀ nìkan ni òun mọ̀ tí kì í ní agboolé. Màmá ní ọ̀rọ̀ ti yé wọn, kí tọkọtaya máa lọ ní tiwọn, ilé ò sí fún wọn mọ́, ilé ìwé náà ò sí.

Bọ́ládélé wo ìyàwó rẹ̀. Morìnsọ́lá wo Wúrà, ó sì mi orí fún ọkọ rẹ̀ pé kó sọ ọ́.

"Ilé Alápó ni, mà," ni Bọ́ládélé wí.

Màmá Adédùntán dìde lórí àga. "Ilé Alápó lẹ́yìn ọjà àtijọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìyá tó bí mi wá."

Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. Màmá fa Wúrà mọ́ra, wọ́n ní òun ti rí ilé Alápó ní imú rẹ̀ látìgbà tó ti wọlé. Wọ́n na ìka sí Morìnsọ́lá, wọ́n ní ìyàwó àwọn nìyí. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ni, kó máa bá karùn-ún lọ, kò kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé Alápó? Kíláàsì kẹrin ni yóò padà sí, kí àwọn fọwọ́ ara àwọn tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀.

Morìnsọ́lá kúnlẹ̀. Bọ́ládélé mọ ohun tó kàn, ó ti ń wo ilẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ ṣeun," ni Morìnsọ́lá wí. "Rárá, mà. Karùn-ún ni."

Màmá ní kó dìde, kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Morìnsọ́lá ní òun lè sọ ọ́ níbi tí òun wà, òun ò sì ní í dìde títí Màmá yóò fi ní karùn-ún. Bọ́ládélé rí i, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú eruku tòun ti aṣọ onísítáàṣì lọ́rùn.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe máa ṣe ìpàdé, tí ìyàwó ilé wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ní, "Màmá, ẹ ṣàánú." Èkejì ní òun náà bá wọn bẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé tó pè wọ́n ní gbájúẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti ń ká ṣòkòtò sókè kó lè bá wọn kúnlẹ̀.

Màmá Adédùntán wo gbogbo wọn. Wọ́n ní ìyàwó burúkú ni ilé Alápó fẹ́ yìí, karùn-ún náà ni, kí wọ́n dìde kúrò nílẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá má baà rò pé òun ń ta ènìyàn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé di òní. Bí wọ́n bá wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, tí Morìnsọ́lá sì ní òun ní ọ̀rọ̀ kan, Màmá a ké sí akọ̀wé kíá pé kó tètè gbé àga fún un.