Ẹ̀ṣẹ́ Mọ́kànlélógójì

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n ti ibi ìdíje ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Abẹ́òkúta dé ni Ṣàíbù tó la ẹnu bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Bàrúwà sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé wọn ní Ìlaròó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ojú òsì rẹ̀ ṣì wú díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Kóòṣì Alfred tún pè. Ó ní kí n wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn adájọ́ kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí mi ò bá wá, wọn óò yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tó ń lọ sí àgọ́ ìgbáradì."

Bàrúwà mọ ohun tí wọ́n ní kó tọrọ àforíjì lé lórí. Nígbà tí rẹfirí gbé ọwọ́ Gbọ́lá, ọmọ Ṣàgámù, sókè pé òun ló borí, Ṣàíbù já ọwọ́ tirẹ̀ gbà, ó nàka sí tábìlì àwọn adájọ́ márùn-ún, ó ní, "Olè ni gbogbo yín!" Àwọn ará Ìlaròó tó bá a lọ pàtẹ́wọ́ fún un. Orí bẹ́ńṣì ni Bàrúwà fúnra rẹ̀ dúró sí tó ń pàtẹ́wọ́.

"Ìwọ náà ńkọ́? Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Bí wọ́n bá yàn mí jẹ, mi ò ní bẹ olè, kí wọ́n yọ orúkọ mi. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni mo pàdánù, màá bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n inú ríìngì ni mo wà, ẹ̀ṣẹ́ ló ń bọ̀ lójú mi, kí ni mo rí? Mi ò sì tíì lè wo fídíò yẹn, inú ń bí mi jù. Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan í kà. Ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe."

Iṣẹ́ kíka àpò sìmẹ́ǹtì ni Bàrúwà ń ṣe ní Ìbéṣè, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń gbẹ́rù. Bí àwọn aláàárù bá ń ju àpò sókè, òun á dúró ti ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé, á fa ìlà mẹ́rin, á fi ìkarùn-ún dábùú wọn, títí ọkọ̀ yóò fi kún. Kò sí awakọ̀ tó bá a jiyàn iye rí. Òun náà ti ru àpò rí, ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́rin, títí di ọ̀sán Jímọ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dún kèù bí igi gbígbẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ló yọ ọ́ lábẹ́ àpò. Ọdún tó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìṣirò níbẹ̀, wọ́n ní ó fìdí rẹmi. Ìbéèrè márùn-ún ló dáhùn, ó sì mọ iye tó yẹ kó gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí di òní olónìí, ó gbà pé oorun ló gbé ẹni tó máàkì ìwé òun lọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Ṣàíbù wọ̀ ọ́ lára ju bí àbúrò rẹ̀ ṣe rò lọ. Ṣé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ adájọ́ lè jókòó wo ìjà kó sì máàkì í kó bá a mu? Nílé ìwòran tí wọ́n ti ń wo ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Ìlaròó, bí ogójì ènìyàn bá wọlé, ogójì adájọ́ ló wọlé, kò sì sí ọ̀kan tí kò dá ara rẹ̀ lójú. Ta ló yẹ̀ wọ́n wò rí?

Ó rò ó pé ojú òun nìkan kò tó, pàápàá ojú tó ti wà ní Abẹ́òkúta tẹ́lẹ̀. Ó wá ẹni méjì tí kò lọ síbẹ̀. Hùmúàní aránṣọ, ìyá Toyibat, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn, kì í jẹ́ kí ìjà kankan lórí tẹlifíṣọ̀n kọjá òun. Dinah, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, jẹ́ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ wo ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ọ̀sán Àìkú, tí Dinah ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ni wọ́n pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Hùmúàní.

"Bọ̀dá Bàrúwà, ẹ wá sọ mí di adájọ́ lójijì," ni Hùmúàní wí. "Ẹ kúkú bá mi wá irun funfun tí wọ́n máa ń dé sórí ní kóòtù."

"Ìyá Toyibat, ẹ̀ṣẹ́ la fẹ́ dá lẹ́jọ́, kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀."

"Ilẹ̀ gan-an kì í ní ariwo tó báyìí."

Wọ́n fi fóònù Ṣàíbù ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ya ìjà náà láti iwájú, ráúńdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé síbẹ̀. Bí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni ariwo ti gba ṣọ́ọ̀bù kan. Kò pẹ́ tí Hùmúàní fi nawọ́ dá fídíò náà dúró.

"Ta ló ń pariwo 'Ó wọlé! Ó wọlé!' báyìí?"

Bàrúwà wo ilẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ̀ṣẹ́ wo ló wọlé? Ìbọ̀wọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló bà!"

Wọ́n dá a padà sẹ́yìn. Lóòótọ́, Gbọ́lá ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, orí ìbọ̀wọ́ ni ẹ̀ṣẹ́ Ṣàíbù sì balẹ̀ sí. Wọ́n tẹ̀ síwájú. "Ó wọlé!" Ìbọ̀wọ́. "Ó wọlé!" Èjìká. Ẹnu ya Bàrúwà. Ojú rẹ̀ kò fọ́, ìwọ̀nba ogún ẹsẹ̀ ló jìnnà sí ríìngì lọ́jọ́ náà, ó sì lè fi Kùránì búra nígbà yẹn pé ojú àti àyà ni gbogbo wọn bà.

"Ohùn yín ló ń gbé máàkì fún un," ni Hùmúàní wí, ó sì pa ohùn fóònù náà pátápátá.

Dinah ya ìwé mẹ́ta látinú ìwé àjákọ kan. "Ẹ jẹ́ kí a kẹ̀yìn síra bí a bá fẹ́ kọ ọ́. Kò sí pé à ń yọjú wo ìwé ara wa. Mo mọ ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ṣe."

Wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsí ariwo. Ìjà tí kò ní ohùn dà bí ìjà mìíràn. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan ń yí ara wọn po, wọ́n ń mí gúlegúle, èèyàn sì ń rí ẹsẹ̀ wọn. Bàrúwà ń fa ìlà rẹ̀ bó ti ń fà á nídìí ọkọ̀, mẹ́rin, ìkarùn-ún dábùú. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá ba ìbọ̀wọ́, kò kà á. Nígbà tí ìjà parí, ó rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣàíbù, mọ́kànlélógójì. Gbọ́lá, méjìdínlógójì. Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta ni àbúrò mi fi jù ú lọ! Mo mọ̀!"

"Èmi ò ka ẹ̀ṣẹ́ kankan," ni Hùmúàní wí. "Ráúńdì kìíní, Gbọ́lá. Èkejì, Ṣàíbù, ó nà án dáadáa. Ẹ̀kẹta, Gbọ́lá. Gbọ́lá ló borí."

"Mo fún Gbọ́lá ní ìkíní," ni Dinah wí. "Mo fún Ṣàíbù ní méjì tó kù. Ṣàíbù ló borí." Ó na ọwọ́ gba ìwé Bàrúwà. "Bọ̀dá, mélòó nínú mọ́kànlélógójì yìí ló wà nínú ráúńdì kìíní?"

Bàrúwà padà sórí ìlà rẹ̀. Ráúńdì kìíní, Ṣàíbù mẹ́sàn-án, Gbọ́lá méjìlá. Èkejì, Ṣàíbù mọ́kànlélógún, Gbọ́lá mẹ́tàlá. Ẹ̀kẹta, Ṣàíbù mọ́kànlá, Gbọ́lá mẹ́tàlá. Ó tún fi ìka tọ àwọn ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kóòṣì ti ṣàlàyé fún un tẹ́lẹ̀ pé ráúńdì kọ̀ọ̀kan ń dá dúró ni: ẹni tó bá jẹ ẹ́ gba mẹ́wàá, èkejì sábà máa ń gba mẹ́sàn-án, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti tì nìyẹn. Bàrúwà ti gbọ́ ọ, ó kàn rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ lásán ni. Nídìí ọkọ̀ ní Ìbéṣè, bí àwọn aláàárù bá ṣe ọ̀lẹ láàárọ̀ tí ara wọ́n wá yá lọ́sàn-án, iye tó wà lórí ọkọ̀ nígbà tó bá ń lọ ni iye. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè wákàtí. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tó ń dúró de ẹrù máa ń ta ayò lábẹ́ igi, níbẹ̀, ẹni tó bá jẹ eré méjì nínú mẹ́ta ni ọ̀ta, kódà bí ọ̀pẹ bá kó ọmọ ayò rẹpẹtẹ nínú eré kan tó jẹ. Ojoojúmọ́ ló ń rí èyí. Báwo ni kò ṣe rò ó débẹ̀?

"Nínú ìwé tèmi náà, ó pàdánù," ló sọ níkẹyìn.

"Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀," ni Dinah wí. "Ẹ wo ẹ̀kẹta dáadáa. Ńṣe ni Gbọ́lá ń fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ti Ṣàíbù kò pọ̀, ṣùgbọ́n orí ọmọ náà ń mì."

"Tíṣà, ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá," ni Hùmúàní dá a lóhùn, "ó máa ṣí!"

Wọ́n wo ráúńdì kẹta lẹ́ẹ̀mẹrin sí i. Kò sẹ́ni tó yí ohùn padà nínú wọn. Bàrúwà fi fóònù tirẹ̀ pe Kóòṣì Alfred, ó bi í bí àwọn adájọ́ ṣe pín máàkì.

"Gbogbo wọn ló fún Gbọ́lá ní ìkíní," ni kóòṣì wí. "Gbogbo wọn ló fún àbúrò yín ní èkejì. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ti pínyà. Mẹ́ta mú Gbọ́lá, méjì mú Ṣàíbù. Ó ti sọ pé òun ń bọ̀ ni?"

"Kò tíì sọ nǹkan kan, sà."

Ó sọ fún àwọn obìnrin méjèèjì. Hùmúàní rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ mú. Àwọn mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, pẹ̀lú fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, ti pínyà síbi tí àwọn márùn-ún tó kọ́ṣẹ́ ti pínyà gan-an. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Abẹ́òkúta, gbogbo èrò Ìlaròó ló fohùn ṣọ̀kan lórí ráúńdì kìíní, wọ́n sì ṣì í.

Inú Bàrúwà dùn lọ́nà tí kò yé e, títí ó fi rántí ẹni tó ń dúró dè é. Bó ti ń sọdá títì, ó mọ̀ pé òun lè fi ìwé Dinah nìkan hàn án. Kò ní jẹ́ irọ́ tán.

Ṣàíbù ń fọ báńdéèjì tó fi ń di ọwọ́ lẹ́yìn ilé. Bàrúwà kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un.

"Èmi ní o pàdánù. Ìyá Toyibat ní o pàdánù. Tíṣà Dinah ní o borí."

"Ẹ wá já mi sáàárín ọ̀nà nìyẹn?"

"Ráúńdì kìíní ni kò sí iyàn lórí rẹ̀. Ọmọ yẹn ló jẹ ẹ́. Èmi sì wà lórí bẹ́ńṣì, mò ń pariwo pé ìwọ ni. Mo ṣì ọ́ lọ́nà, àbúrò mi."

Ṣàíbù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó gba fóònù. Bàrúwà sọ fún un pé kó má ṣí ohùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tó fẹ́ jà, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Háà! Wo bí ọwọ́ òsì mi ṣe ń já wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i? Mo ṣí ilé sílẹ̀ fún un." Ó fi ìka kan ìkíní lórí ìwé Hùmúàní. "Òun ló jẹ èyí. Ìyẹn ò lẹ́jọ́."

Ráúńdì kejì pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wò títí, tó dá a padà, tó tún wò.

"Kí lo rí?"

"Mi ò mọ̀." Ó mi orí. "Ara mi ni wọ́n ń lù, mi ò sì mọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó làwọn adájọ́ yẹn ní kí wọ́n tó kọ ọ́?"

"Wọn ò lè dá a padà wò, bí a ti ń ṣe yìí."

Ṣàíbù pa fídíò náà. Ó wá nọ́ńbà kóòṣì, ó dìde, ó fi fóònù sí etí. "Ẹ kú ọ̀sán o, kóòṣì. Ṣàíbù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo làwọn adájọ́ yẹn máa wà ní ọ́fíìsì? Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi fúnra mi ni màá bẹ̀ wọ́n."

Bàrúwà jókòó sórí àpótí, ó tẹ ìwé rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí orúnkún. Mọ́kànlá sí mẹ́tàlá. Méjì péré. Nínú mẹ́tàlá yẹn, ìkẹfà àti ìkẹjọ, ṣé àgbọ̀n ni wọ́n bà ni àbí etí ìbọ̀wọ́?

"Bí o bá ti bá kóòṣì sọ̀rọ̀ tán," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "gbé fóònù yẹn fún mi."