Kòtò Ìgò Àtijọ́

“Fà á!”

Ohùn ọkọ ti ìsàlẹ̀ kòtò wá, ìyàwó rẹ̀ tó wà lókè sì fa okùn. Korobá gòkè. Eérú ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù díẹ̀ àti ìgò oògùn kékeré kan tí ọrùn rẹ̀ ti kán. Ó dà á sílẹ̀ kí ọmọ wọn obìnrin lè fi igi tú u wò.

“Òkú ìgò ni,” ọmọ náà wí, ó sì sọ ọ́ nù.

Ní gbogbo Sátidé ni wọ́n ń wá sẹ́yìn ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ti kógbá sílé yìí, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń da ìdọ̀tí sí. Aránṣọ ni ìyá, onígbàjámọ̀ ni bàbá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òwú àti irun á ti sú wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá àti ṣọ́bìrì kékeré ni wọ́n ń lò, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì rí ìgò tó pé, wọn á hó yèè bí ará ilé ọlọ́mọ tuntun. Eré ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá ti gbẹ́ ilẹ̀ kan ibi tí eérú wà, níbi tí ìgò pọ̀ sí, eré ti kúrò níbẹ̀. Kòtò náà ti jìn kọjá orí rẹ̀. Kò sì gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ mọ́; abẹ́ ògiri kòtò ló ń gbẹ́ wọ̀, ó ń tẹ̀ lé eérú lọ.

Ẹ̀rù ògiri yẹn ti ń ba obìnrin náà láti àárọ̀. Ó ti sọ ọ́, ó ti tún un sọ. “Bàbá ọmọ mi, ògiri yẹn ò lẹ́sẹ̀ mọ́.” Ẹ̀rín ni ọkọ rẹ̀ fi dá a lóhùn: “Bí mo bá rí ìgò búlúù tí a ti ń wá yẹn, ìwọ gan-an lo máa kọ́kọ́ gbé e sójú fèrèsé.” Òótọ́ ni, òótọ́ yẹn gan-an ló sì ń bí i nínú.

Ó gbé àpò tí wọ́n ń kó ìgò sí, kó lè yí i lọ síbi òjìji. Abẹ́ àpò náà ni ilẹ̀ ti sán. Kì í ṣe ìlà tín-ínrín o. Ìka rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ibi tó sán náà gba òkè ibi tí ọkọ rẹ̀ ń gbẹ́ kọjá, láti etí kan dé èkejì. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì gbé àpò yẹn síbẹ̀ láàárọ̀, tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Ó ti rí i pé ilẹ̀ sán, ó bò ó, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Obìnrin náà fẹ́ kígbe, àmọ́ ẹ̀rù bà á pé ariwo òun lè wó ilẹ̀ náà.

“Lọ dúró sábẹ́ igi lọ́hùn-ún,” ó wí fún ọmọ rẹ̀. “Má bi mí ní nǹkan kan.”

Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí etí kòtò ní òdìkejì. “Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti gbé àpò yẹn.”

Ṣọ́bìrì dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ dáhùn láti inú lọ́hùn-ún: “Ọwọ́ mi ti kan ìgò búlúù. Kò fọ́. Ìdí ẹ̀ nìkan ló kù. Ìṣẹ́jú kan.”

“Ilẹ̀ ti sán lórí yín!”

“Kò séwu. Mo ní kò séwu! Ìṣẹ́jú kan péré.”

Ó mọ ìṣẹ́jú kan onígbàjámọ̀. Kó tó pé, oníbàárà á ti sùn lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀bẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó fẹsẹ̀ lé àkàbà, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Inú kòtò tutù. Erùpẹ̀ wẹ́wẹ́ ń já bọ́ lára ògiri. Ọkọ rẹ̀ dojú bolẹ̀, apá rẹ̀ wọ abẹ́ ògiri dé èjìká. Obìnrin náà jókòó tì í.

Ọkùnrin náà yíjú, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Kí lo wá ṣe níbí?”

“Mo wá dúró tì yín. Ẹ̀yin lẹ ní kò séwu.”

“Gòkè! Gòkè, mo ní!” Kò rántí ìgò mọ́. Ó fa apá yọ, ó gbá a mú, ó tì í sórí àkàbà bí ẹni ń ti ẹrù sínú ọkọ̀, òun náà sì gùn tẹ̀ lé e, gìgísẹ̀ ìyàwó ń gbá a lórí. Wọ́n rákò kúrò létí kòtò.

Ìgbà náà ni ògiri wó. Ó dún gbìì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, eruku sì bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, orí àkàbà nìkan ló yọ.

Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, kò bojú. “Ò bá kú,” ó ń wí. “Ò bá kú síbẹ̀.” Obìnrin náà, ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Òun ló borí. Ọgbọ́n òun ló fa ọkọ òun jáde. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu, irú èyí tí yóò máa rán an létí títí wọn á fi darúgbó.

Ó wá bojú wẹ̀yìn. Ọmọ wọn ti kúrò lábẹ́ igi. Ó dúró jìnnà díẹ̀ sí wọn, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Kò sunkún.

“Mọ́mì, ẹ̀yin náà wọ inú ẹ̀,” ó wí. “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ wà níbẹ̀.”

Ìyá dìde.

“Ká ní ó wó lù yín, èmi nìkan ni ìbá kù,” ọmọ náà wí.

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò jọ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà. Ọmọ náà sún sẹ́yìn díẹ̀, kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn fọwọ́ kan òun.