Ẹnu Tó Kún Ojú Omi

Gbogbo ẹja inú adágún onísìmẹ́ǹtì náà ló gbórí sókè láàárọ̀, tí wọ́n ń yanu tí wọ́n ń pa á dé. Ìyá Ẹlẹ́ja ò tilẹ̀ dúró wọ bàtà. Abọ́ oúnjẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé etí omi.

"Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti dé."

Ó da ẹ̀kúnwọ́ kan síbí, ó da òmíràn sọ́hùn-ún. Oúnjẹ léfòó, ẹja ò fẹnu kàn án, wọ́n kàn ń yanu ṣáá. Ó tún bu sí i.

Nígbà tí wọ́n kó wọn dé lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, wọn ò ju ìka ọmọdé lọ. Òun ló ń fi ìka méjì bu oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú, tó ń wọ́n ọn yí etí adágún ká bí ẹni ń wọ́n iyọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, kí alágbára má baà gba ti aláìlágbára jẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ni adágún, ló kọ́ ọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí òun sì kó wá sílé ọmọ, iṣẹ́ yìí nìkan ni wọn ò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ fọ abọ́, wọ́n á ní kó lọ jókòó. Bó bá mú ìgbálẹ̀, wọ́n á gbà á. Ẹja nìkan ni kì í sọ fún un pé ó ti dàgbà.

Nígbà tí àwọn ẹja tóbi, ọmọ rẹ̀ pààrọ̀ lẹ́búlẹ́bú sí oníhóró. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó, ojú kan ni kí wọ́n sì máa dà á sí. Ìyá ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti jáde báyìí, á yọ́ lọ bu díẹ̀ fún wọn. Ta ni ebi kì í pa lọ́sàn-án?

"Màmá, ẹ gbé abọ́ yẹn sílẹ̀." Ọmọ rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ebi ń pa wọ́n. Ṣé o ò rí ẹnu wọn ni?"

"Ebi kọ́. Èémí ni wọ́n ń wá, omi ti bàjẹ́."

Ó ṣí páìpù tó ń fa omi ìdọ̀tí jáde, ó sì tan ẹ̀rọ kí omi tútù máa wọlé. Bí omi ṣe ń fà, ìsàlẹ̀ ń hàn: oúnjẹ tó ti wú, tó ti rà, tó dúdú bí ẹrẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba afẹ́fẹ́ kan. Ẹja mẹ́ta ti kú. Orí oúnjẹ ni wọ́n kú sí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún wọn?"

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún." Ìyá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ọjọ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹfà."

"Èmi tẹ́ ẹ bí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń fún mi jẹ."

"Ìwọ ò yanu sí mi báyìí."

Ọmọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. "Láti òní lọ, èmi ni màá máa bọ́ wọn."

Ìyá wọlé lọ jókòó sórí àga, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ látọjọ́ yìí. Kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, ó padà lọ wò wọ́n. Wọ́n ti gbórí wálẹ̀. Ọ̀kan rọra kọjá nínú omi tó mọ́, ó gùn tó apá rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọwọ́. Ìgbà wo ni wọ́n di báyìí? Ojoojúmọ́ ló ń rí wọn.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ wá, ó sì gbé e lé ìyá lọ́wọ́.

"Wọ́n mọ ìró ẹsẹ̀ yín. Bí mo bá wá, ńṣe ni wọ́n ń sá. Ojú kan o, Màmá. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó tún dà."

Ìyá da ẹ̀kúnwọ́ kan. Omi ru sókè, ó ta sí i láṣọ. Ó dúró. Ó da ìkejì. Nígbà tó da ìkẹta, hóró mélòó kan ṣẹ́ kù tó ń léfòó káàkiri. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú abọ́ fún ìkẹrin kó tó mọ̀. Ó fi í síbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú ìka, oúnjẹ sì bọ́ padà.

Ọmọ rẹ̀ ti wọlé, kò gba abọ́. Àwọn ẹja ń lọ sísàlẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìyá jókòó sí etí adágún, ó ń wo omi náà bó ṣe ń tòrò. Wọ́n ti yó. Kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di àárọ̀ ọ̀la.