Ohun Tí Ojú Ìyá Wa Rí Lọ́dún Náà

Nílé tiwa ní Ẹ̀jìgbò, bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè ń bẹ́, tí gìgísẹ̀ ń là, a mọ̀ pé ọjọ́ ìròyìn ti dé tán. Bàbá wa ló dá a sílẹ̀ nígbà ayé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bá gbẹ̀yìn ọdún, gbogbo ilé á yí iná po lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì sọ ohun tó wú u lórí jù nínú gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí lọ́dún náà. A kì í parọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá parọ́ ló máa lọ pọnmi, omi ọyẹ́ kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń fọwọ́ kàn láàárọ̀.

Mo fẹ́ràn ọjọ́ náà gan-an. Èmi Sìkírátù, gàrí ni mò ń yan. Bí mo bá rìn jìnnà, Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni, tàbí Másífà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká ròyìn, ẹnu mi kì í gbẹ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọdún 1964, mo ti tọ́jú tèmi sílẹ̀ tipẹ́: àwọn obìnrin Másífà tó wá kọ wákà níbi ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò wa. Wọ́n kọ ọ́ débi pé àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe lọ́dọ̀ ọkọ mi ju sípánà sílẹ̀, wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo láyọ̀ pé ojú mi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ lọ́dún náà, nítorí Ìyá wa.

Ìyá wa, Sàídátù, ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń gbé. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni wọ́n ti máa ń jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti kírun Àláásàrì tán, wọ́n á da ìborùn borí, ó di ọ̀dọ̀ Ààfáà Ádámù. Mo rò pé àdúà ni wọ́n ń lọ ṣe fún òkú Bàbá, n kò sì bá wọn sọ ọ́. Àfi bí ọyẹ́ ọdún náà ṣe dé, tí ètè wọn bẹ́, tí mo rí nǹkan dúdú nínú ojú ibi tó bẹ́ náà. Mo sún mọ́ wọn, mo wò ó dáadáa. Tàdáwà ni, yíǹkì tí àwọn ààfáà fi ń kọ wàláà.

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà níbí mọ ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn. Ààfáà á kọ ẹsẹ Àlùkùránì sára wàláà pátákó náà, á fi omi fọ̀ ọ́, á sì gbé omi ọ̀hún fún aláìsàn mu. Hàntú là ń pè é. Lójú tèmi, Ìyá wa ń ṣàìsàn, wọ́n sì ń fi pa mọ́ fún mi.

N kò bi wọ́n, torí mo rò pé bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní kò sí nǹkan. Mo wá Kàsímù lọ, dírẹ́bà tó ń ná Àbíjàn, mo ní kó sọ fún àbúrò mi Ọmọpẹ́ pé ara Ìyá ò yá.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọdún ku ọjọ́ bíi mélòó kan ni Ọmọpẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, eruku ọ̀nà ti sọ irun orí ẹ̀ di pupa. Aṣọ ló ń tà ní Àbíjàn, ó rí já jẹ, gbogbo wa ló sì ń jàǹfààní ẹ̀. Kò tíì mu omi tó fi kúnlẹ̀ kí mi tó sì ti ń pàṣẹ.

“Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi kó ẹrù Ìyá jọ. Irú ọsibítù tó wà lọ́dọ̀ wa níbẹ̀ ò sí níbí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á máa gbé báyìí. Mo ti gba àyè wọn nínú ọkọ̀, ó di Sátidé. Sé fìnì!”

Sé fìnì yìí, èdè Faransé ni. Bó bá ti sọ ọ́, ó túmọ̀ sí pé kí ẹlòmíràn panu mọ́.

“Ilé làbọ̀ sinmi oko,” mo dá a lóhùn. “Ìyá kò re ibì kankan.”

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ránṣẹ́ pé ara wọn ò yá ni?”

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ránṣẹ́ pe ẹni tó fẹ́ mú ìyá mi lọ. Láti ọjọ́ náà la ti ń fa Ìyá mọ́ra wa lọ́wọ́ bí ẹni ń fa aṣọ. Ìyá fúnra wọn jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń pa ẹ̀pà, wọn ò dá sí i.

Ọjọ́ ìròyìn pé. A dá iná, a yí i po. Ọmọpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa afárá tó dá ọ̀sà Àbíjàn kọjá, bí iná mànàmáná ṣe máa ń tàn sínú omi lálẹ́ tí ojú omi á dà bí ọjà. Ó mọ̀ ọ́n ròyìn, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ìgbà tó parí ẹ̀ ló wá yíjú sí Ìyá, ó ní, “Ẹ máa fojú ara yín rí i.” Inú bí mi. Mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, mo ro tèmi, mo tilẹ̀ kọ díẹ̀ nínú orin wákà náà. Ọkọ mi, Gàníyù, sọ nípa ẹ́ńjìnnì lọ́rì kan tí gbogbo mẹkáníìkì ní kí wọ́n lọ sọ nù, tó jẹ́ pé òun ló jí i dìde. A kí i kú iṣẹ́. Mo bá dìde pé kí n lọ gbé ẹ̀kọ kaná.

“Jókòó,” Ìyá wí. “Mi ò tíì sọ tèmi.”

Gbogbo wa wo ara wa. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, ohun kan náà ni Ìyá máa ń sọ nídìí iná: “Mo wà láàyè, ẹ bá mi dúpẹ́.”

Wọ́n na ọwọ́ síná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké Àlùkùránì. Kì í ṣe àwọn súrà kéékèèké tá a fi ń kírun o. Èyí tó gùn ni, tó jẹ́ pé ẹnu ààfáà nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ohùn wọn ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọsẹ̀. Ọmọpẹ́ gbàgbé ọwọ́ ẹ̀ sókè iná títí iná fi jó o.

“Ọmọdé ni mí tí mo ka Àlùkùránì dé ìdajì,” wọ́n ní, “tí wọ́n fi mú mi lọ sílé ọkọ. Mo tọ́mọ, mo ṣòwò, mo tọ́jú bàbá yín dọjọ́ ikú. Nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀, mo padà lọ bá ìdajì tó kù. Lóṣù yìí ni mo kà á jálẹ̀.” Wọ́n fọwọ́ kan ètè wọn. “Ibi tí mo bá ti há sórí lára wàláà ni mò ń fọ̀ mu. Ara mi le koko. Ìwọ ránṣẹ́ sí Àbíjàn, ìwọ gba àyè nínú ọkọ̀. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló bi mí léèrè?”

Ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n orí mi tún ń wú nínú ìtìjú náà. Ìyá tèmi!

“Wòlímọ̀ wa di Sátidé,” wọ́n wí. “Èmi àti àwọn ọmọ kéwú tá a jọ kà á tán.”

Ọmọpẹ́ kígbe. “Láàárín àwọn ọmọdé, Ìyá? Ẹ jẹ́ kí ààfáà wá ṣàdúà fún yín nínú ilé. Àwọn èèyàn á fi yín ṣẹ̀sín.”

“Sátidé ni.”

“Sátidé náà lọkọ̀ wa ń lọ!”

“Kó máa lọ.”

Ọmọpẹ́ ní òun ò ní dúró níbi tí wọ́n á ti fi ìyá òun rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ó ti gbé ẹrù ẹ̀ lọ sí gáreèjì, kò dágbére fún mi.

Ìta mọ́ṣáláṣí kún. Ọyẹ́ ti bo ojú oòrùn, ó ń tàn bàìbàì. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, láwàní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú àwọn kan. Ìyá wa jókòó láàárín wọn nínú aṣọ funfun, Gàníyù ṣí agbòjò lé wọn lórí. Bí ọmọ kan bá kà tán, Ààfáà Ádámù á gbóhùn sókè pé, “Ta ló ni ọmọ yìí?” Àwọn òbí ẹ̀ á bọ́ síta, wọ́n á dáhùn pé, “Àwa la ni ín,” wọ́n á sì dúró tì í kí gbogbo ìlú rí wọn. Ọjọ́ iyì ni fún òbí.

Ó kan Ìyá. Wọ́n dìde. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, “Ìyàwó tuntun rèé o!” àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí i, mo wò ó títí ó fi wolẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀rín kọ́kọ́ dín kù, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró, títí tó fi jẹ́ pé ohùn àgbàlagbà kan ṣoṣo là ń gbọ́ ní gbogbo ìta náà. Mo ní kí n má sunkún, omi ti dé ojú mi.

Wọ́n kà á tán. Ìbéèrè náà ti mọ́ Ààfáà Ádámù lẹ́nu, ó ní, “Ta ló ni...” ó sì dákẹ́. Àwọn tó bí Ìyá wa ti lọ tipẹ́tipẹ́. Ìyá dá dúró níbẹ̀, wọn ò wo ẹ̀gbẹ́ kankan, kò sí ẹni tó jáde tì wọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè kọjá. Bí mo ṣe ń bọ́ síta ni mo gbọ́ ohùn kan lódìkejì: “Ẹ yàgò! Ẹ yàgò fún mi!” Ọmọpẹ́ ni, ẹrù ẹ̀ wà lórí, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ó ti jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ. Ó ju ẹrù sílẹ̀, ó dúró lápá òsì Ìyá. Èmi dúró lápá ọ̀tún.

Ààfáà Ádámù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún béèrè, ó sì béèrè ẹ̀ parí lọ́tẹ̀ yìí.

“Àwa la ni ín!” Àwa méjèèjì la jọ pariwo ẹ̀, ẹnì kan ò ṣáájú ẹnì kejì.

Ìyá wa ò wo ọ̀dọ̀ wa rárá. “Ẹ nàró dáadáa,” wọ́n wí. “Ará ìlú ń wò wá.”