Ehoro Télọ̀

Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé télọ̀ ti dágbére fáyé, àárín èrò tó wá bá ìyàwó rẹ̀ kẹ́dùn ni ehoro tí télọ̀ fẹ́ràn bí ọmọ gbà sá wọgbó lẹ́yìnkùlé.

"Ìyàwó télọ̀, ẹ fi kárọ́ọ̀tì tàn án," ni aládùúgbò kan wí.

"Mo ti fi tàn án, ewúrẹ́ yín ló jẹ ẹ́!"

Ìgbà náà ló rántí pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ehoro máa ń sùn, lórí ẹsẹ̀ ọkọ òun. Ó ṣílẹ̀kùn gbayawu, ó jókòó, ó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí elétí gígùn fi fò wọlé, tó jókòó lé e lẹ́sẹ̀ bí onílé.

Ṣòkòtò tí ọkọ rẹ̀ kò rán parí ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó rọra rán an tán.