Lórí Òrùlé Don Eleuterio

Ife wáìnì kẹta ṣì wà lọ́wọ́ Ximena nígbà tó rí èéfín. Ó ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò tó ń mú kiri lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí ìkùukùu òkun ṣe ń tu ọgbà àjàrà Casablanca ní Chile lára láràárọ̀, ọ̀rọ̀ tó ti sọ láìmọye ìgbà, ló bá gbé ife náà sílẹ̀ lójijì. Èéfín náà dúdú, ó ga, apá Valparaíso, ìlú bàbá rẹ̀, ló sì ti ń bọ̀.

Ó pe bàbá rẹ̀. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè. Don Eleuterio ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, òun nìkan ló sì ń gbé lórí òkè Los Quillayes, níbi tí ilé pákó àti páànù ti fara ti ara wọn, tí ọkọ̀ panápaná kò lè dé.

"Ta lo ní níbẹ̀?" Dona Iracema, àgbà obìnrin tó kó ẹbí rẹ̀ wá láti Brazil, ló béèrè.

"Bàbá mi ni, mà."

"Kí la wá ń dúró mu wáìnì sí?" Màmá náà ti ń ti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ni ìrìn náà. Ximena ló ń wakọ̀. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Wọn ò sọ ohun tí à á ṣe bó bá ń jó baba ẹni.

Ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà nísàlẹ̀ òkè. Ximena fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún àwọn àlejò, ó gba orí àtẹ̀gùn tó wà láàárín àwọn ilé sáré gòkè. Àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú ológbò, pẹ̀lú àwòrán ìgbéyàwó. Eérú ń já bọ́ sí i lórí.

Orí òrùlé ló ti bá bàbá rẹ̀, rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fọ́nmi lọ́wọ́. Omi inú rẹ̀ ò ju kíkán lọ mọ́.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Lọ fún àwọn àlejò rẹ ní wáìnì. Ilé mi ni mò ń ṣọ́."

"Iná ti dé ẹ̀yìnkùlé Hortensia!"

"Ojú mi ò fọ́."

Ó bẹ̀ ẹ́, ó pariwo, ó sunkún. Bàbá ò mira. Ni Ximena bá di àkàbà mú, ó gùn ún, ó sì jókòó tì í lórí páànù gbígbóná.

"Kí lò ń ṣe yìí?"

"Mò ń bá yín ṣọ́lé."

"Ṣé orí rẹ dàrú ni? Bọ́ sílẹ̀!"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá wo iná, ó wo ọmọ rẹ̀. Rọ́bà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá Ximena lápá mú bí ẹni mú ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì fà á lọ sídìí àkàbà.

Àgbàlá ilé ìwé kan nísàlẹ̀ ni wọ́n sá sí. Gbogbo òkè hàn kedere níbẹ̀. Hortensia, aládùúgbò wọn, dúró sídìí ògiri, ó ń fi ẹkún dárúkọ ilé kọ̀ọ̀kan bí iná ṣe ń mú un.

"Yéè! Ti Eleuterio náà ti lọ o!"

Ẹ̀rù ba Ximena láti wo ojú bàbá rẹ̀. Nígbà tó yíjú, bàbá ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, abọ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàtà rẹ dà?"

Ximena wolẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lásán, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Kò mọ ibi tí bàtà ti bọ́. Bàbá yọ èérún ìgò kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ojú ọgbẹ́ náà.

Hortensia tún ké. Gbogbo àgbàlá yíjú sókè. Ìgbà yẹn ni Ximena ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀, bàbá òun ò tíì wo òkè náà lẹ́ẹ̀kan.

"Gbé ẹsẹ̀ kejì wá," ni bàbá wí.